Ṣùkú Kì Í Ti Àárín Bẹ̀rẹ̀

Àtìní, 3 Oṣù Kẹwàá 2011

Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mo ti lò láyé, n ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ràn, kó tẹ́ ẹ sórí ẹní kó sùn lé e.

Zulaihat ọmọ mi ní kí n jókòó sílé. Ó ní kí ni mò ń wá ní kíláàsì àwọn àgbà, orúnkún tó ń dùn mí ńkọ́. Orúnkún ló ń dùn mí, kì í ṣe ọpọlọ. Ìwé mẹ́ta ni mo kà l'Ógbómọ̀ṣọ́ kí bàbá mi tó yọ mí. Ìwé kẹrin ń wù mí títí dòní.

Mo lọ. Ilé ìwé àwọn ọmọdé ní Ìgándò ni, bí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀ là ń wọlé. Bẹ́ǹṣì wọn kéré. Orúnkún wa ń kan àgbọ̀n. Tíṣà wa, Adébùnmí, ọmọdé ni. Ẹyẹlé ni mò ń pè é nínú ara mi, nítorí bó ṣe ń mi orí tó bá ń rìn. Ó ní ká máa kọ nǹkan lójoojúmọ́, bó ṣe ìlà kan. Òun ni mò ń kọ yìí.

Ta ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì iwájú? Ìdíátù. Eyín Góòlù fúnra ẹ̀. Ẹni tó kọ́ irun dídì lọ́dọ̀ mi n'Íkọ̀tún. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: ẹ káàsán mà, ọ̀gá mi. Mo ní hẹn.

Àlàrùbá, 5

Nǹkan tuntun lónìí. Ẹyẹlé fa róbótó sáàárín bọ́ọ̀dù, ó kọ OMI sínú ẹ̀. Ó fa ìlà jáde lára ẹ̀: òjò, kànga, odò, ẹ̀rọ. Lára kànga, ó tún fa kéékèèké jáde: okùn, ìdérí, ìdọ̀tí. Ó ní máìndì máàpù lorúkọ ẹ̀, àwòrán èrò. Ó ní ohun téèyàn bá tò gbọọrọ sísàlẹ̀ tètè ń bọ́ lórí, àmọ́ tó bá yà á báyìí, ọ̀kan á máa fa ìkejì wá.

Mo ní aláǹtakùn rèé. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ojú mi ti ń rí nǹkan mìíràn. Ìlà tó là yí ká, tí gbogbo ẹ̀ pàdé lójú kan – orí tí wọ́n di ní ṣùkú! Mo ń tún ẹnu ṣe kí n sọ ọ́. Eyín Góòlù bá nawọ́: "Tíṣà, ó mà jọ ṣùkú." Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ẹyẹlé ní, "Màmá, orí yín pé o!"

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Ẹnu mi gan-an ló ti yọ ọ́.

Àlàmísì, 6

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i.

Sátidé, 8

Mo dán an wò nílé. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì máa ń sọ fún mi lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í dúró lórí mi. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yà á sílẹ̀ pálọ̀. Iyọ̀ létí kan. Oògùn àárọ̀ létí kan. Oorun. Ìrìn. Ìbínú. Mo fa ìlà kọ̀ọ̀kan lọ sáàárín. Ìgbà tí wọ́n pàdé ni mo tó kọ Ẹ̀JẸ̀ RÍRU síbẹ̀.

Ó dúró o! Mo lè kà á tán báyìí láì wolẹ̀. Ó dùn mí pé ó dúró, torí Eyín Góòlù náà á ti mọ̀ pé ó ń dúró.

Zulaihat wọlé, ó ní, "Ìyá, àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ o." Mo ní ta ló di orí ìwọ títí o fi relé ọkọ? Ṣùkú kì í ti àárín bẹ̀rẹ̀. Etí lo ti máa gbá a mú, wàá máa dì í lọ, òkè ló máa parí sí. Ó ní àmọ́ Tíṣà ní… Mo ní kó lọ gbé omi kaná.

Àtìní, 10

Inú burúkú ni mo fi ń kọ èyí.

Ẹyẹlé ní kí oníkálukú ya iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ó ní àwọn àlejò ń bọ̀ wá wò wá ní Àlàrùbá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èèyàn kan ló máa dúró níwájú wọn, kó ya tiẹ̀, kó sì ṣàlàyé ẹ̀. Ẹni yẹn náà ló máa máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé níṣẹ́ ẹ̀ ní ọ̀sán Àlàmísì.

Mo fẹ́ ẹ. Ìwé, ìwọ nìkan ni mo sọ fún: mo fẹ́ ẹ bí ọmọ ṣe ń fẹ́ ṣúgà. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé orí sáàárín ẹsẹ̀ mi. Irun òkú làwọn ọmọ ìsinsìnyí ń so mọ́rí.

Mo ti etí bẹ̀rẹ̀. N ò tíì dé àárín tí Ẹyẹlé ní ó tó. Ó wo tèmi: "Ìyá, àárín yín mà ṣófo." Ó lọ sọ́dọ̀ Eyín Góòlù. IRUN ló kọ sáàárín, gàdàgbà. Ẹ̀ka òwú. Ẹ̀ka òòyà. Ẹ̀ka àdí. Ẹ̀ka orúkọ: ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀ka orí ọmọdé: fi àtàǹpàkò òsì tẹ ìdí irun, kó má dùn ún.

Àtàǹpàkò òsì! Orí òun fúnra ẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ! Kò sí ewé kan lórí igi yẹn tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló ti já a.

Òun ni wọ́n mú.

Àtàláátà, 11

Ọdún mẹ́ta ni bàbá Ìdíátù bá mi sọ pé ó máa fi kọ́ṣẹ́ nígbà tó mú un wá. Kí ìkejì tó parí, ọwọ́ ẹ̀ ti yá ju tèmi. Mo rí i. Àwọn oníbàárà máa ń ní, ẹ má ṣèyọnu, a ó dúró de Ìdíátù. Bí ọdún kejì ṣe pé báyìí, ó kó òòyà ẹ̀, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù s'Ẹ́gbẹ́dá. Kò sin ọdún kẹta. Kò gba fíríìdọ̀mù. Kò kúnlẹ̀ kí n ṣàdúrà sí òòyà ẹ̀, kí n ní máa lọ, ọmọ mi, ọ̀nà á là. Àwọn oníbàárà tẹ̀lé e bí adìyẹ tó rí ẹni gbé àgbàdo.

N ò ṣépè. Mo kàn ń wo ọ̀nà ni.

Jímọ̀, 14

Ó kí mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, eyín ń kọ mànà. Imú ni mo fi dá a lóhùn.

Àlàrùbá, 19

Àwọn àlejò wá. Ó wọ léèsì. Ó yà á lórí bọ́ọ̀dù, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ó dára. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, ó dára gan-an.

Ó wá fa ẹ̀ka kan kún un, ó kọ ọ́ síbẹ̀: Ọ̀GÁ MI, ÌYÁ ZULAIHAT. Ó nawọ́ sí mi. Gbogbo orí yí padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹyẹlé ń nu ojú.

Gbogbo wọn rò pé inú mi dùn.

Ẹ̀ka! Ẹ̀ka kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdí! Àdí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò! Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Ẹyẹlé sáré tẹ̀ lé mi: "Màmá, wọ́n mà yẹ́ yín sí ni." Mo ní ìdí igi kì í ṣe ẹ̀ka, lọ tọ́jú àlejò ẹ.

Àlàmísì, 20

Mo yà á sílẹ̀ pálọ̀, láti etí, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ohun tó ń dùn mí. Ṣọ́ọ̀bù Ìkọ̀tún tí mo tì pa. Ọwọ́ tó yá ju tèmi. Àwọn ọmọ tí wọ́n mú wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn náà, tí mo ní n ò gbọmọ mọ́. Ìrọ̀lẹ́, tí n ò rẹ́ni bá ṣàwàdà. Mo dì í lọ, mo dì í lọ. Mo rò pé orúkọ tèmi ló máa bọ́ sáàárín.

Ìdíátù ni.

Mo fẹsẹ̀ pa á rẹ́. Mo tún un yà. Ìdíátù náà ni.

Jímọ̀, 21

Zulaihat ní kí n má gun ọ̀kadà. Mo gùn ún, ó di Egan, ilé Ìdíátù.

Abọ́ ló ń fọ̀. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Mo ní kí ló dé tó fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá nu ọṣẹ ọwọ́ ẹ̀ sára aṣọ. Ó ní ọ̀gá mi, ẹ̀rù yín ló bà mí tí n ò fi padà wá. Ó ní aṣọ àti owó fíríìdọ̀mù òun ti wà nínú àpótí tipẹ́, kí n jẹ́ kóun gbé e wá.

Mo ní n ò fẹ́ aṣọ. N ò fẹ́ owó.

"Kí wá lẹ fẹ́ mà?"

Mo ní àwọn ọmọbìnrin ọjọ́ Àlàmísì yẹn, èmi ni màá jókòó sórí àga. Ìwọ lo máa máa na òwú sí mi.

"Ẹni ọgọ́ta ọdún mà ni mí, ọ̀gá mi!"

Mo ní ṣé ọjọ́ orí ni mo bi ọ́? Ọdún kan lo jẹ mí, Ìdíátù. Wá sìn ín.