Ẹ Má Jẹ́ Kí Wàsíù Wá Tú Ìwọ̀ Nínú Òkun

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ilé tí ẹ jókòó sí tí ẹ ti ń fi ọmọ inú yín ta ará Èkó lọ́rẹ. Mo kí Bàbá Àgbà lórí awọ àgbò tí wọ́n fi ń kírun. Mo kí Ìyá Àgbà, kí Ọlọ́run bá wọn mú ẹsẹ̀ dídùn kúrò. Mo kí àwọn àǹtí mi tó wà nílé ọkọ. Mo kí Wàsíù, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́tà yìí tán, torí òun ni mo torí ẹ̀ kọ ọ́. N kò kí ẹnikẹ́ni tó bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù, àbúrò yín tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, nítorí mi.

Ẹ máa bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo gbé ọ̀rọ̀ ilé sí. Ẹ bínú dáadáa. Mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Mo rán awakọ̀ tó máa ń kó iṣu láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ìyànà Ìpájà sí yín, èsì tó bá mi ni pé kí n máa gbọ́ràn sí àbúrò yín lẹ́nu, pé ẹni tó ń gbé Èkó ló mọ Èkó. Mo tún rán an. Ẹ fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá, ẹ ní wọ́n kú ìtọ́jú ọmọ. Èlùbọ́ náà dùn, mo gbọ́ òórùn ẹ̀. Ìyẹn ni mo fi ní kí àwọn oníwèé ìròyìn bá mi tẹ tèyí jáde, kó lè jẹ́ pé bí Tíṣà tó máa ń ka lẹ́tà fún yín nílé bá kọ̀ tí kò kà á, ẹni tó bá fi bébà náà pọ́n àkàrà á kà á. Bí ẹ bá sì rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, fọ́ọ̀mù tú ni mo kà dé. Ẹ máa gbọ́ ohun tó dá mi dúró níbẹ̀.

Màámi, akọ̀wé lẹ mọ Bọ̀ọ̀dá sí. Akọ̀wé náà ni, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Tó bá di Sátidé, ó di apẹja. Kì í ṣe apẹja tó ń tà o, ebi ẹja ò sì pa á. Ó ní fàájì ni. Òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ ló kọ́ ọ. Nígbà tí òyìnbó yẹn ń padà sílùú ẹ̀, ó kó àwọn ọ̀pá ìwọ̀ ẹ̀ fún un, ọ̀pá gígùn tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré nídìí tó ń ká okùn ọ̀rá, pẹ̀lú àpótí kan tí ìwọ̀ àti òjé kún inú ẹ̀. Àtọjọ́ náà ni àbúrò yín ti ń fi imú sọ̀rọ̀. Bí mo bá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo fi ohùn yẹn pe ìyàwó ẹ̀, á dáhùn "sà". Bó bá di òwúrọ̀ Sátidé, á so àwọn ọ̀pá náà mọ́ orí fọ́sìwágìnì ẹ̀, gbogbo ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá á máa sáré tẹ̀lé wa. Aládùúgbò wa kan tiẹ̀ rò pé eriá tẹlifíṣọ̀n ni, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yà bá òun wo tòun tí àwòrán ẹ̀ ń ṣe yẹ̀rìyẹ̀rì. Èmi ni mo dá a lóhùn ní ohùn Bọ̀ọ̀dá, mo ní kó máa se ìrẹsì kalẹ̀ dè wá.

Iṣẹ́ tèmi rèé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà táwọn ẹgbẹ́ mi wà ní kíláàsì, èmi á wà lẹ́yìnkùlé, màá máa bó edé, màá máa gé ẹja ṣawá ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, màá máa fi iyọ̀ pa á kó lè dì mọ́ ẹnu ìwọ̀. Ìjẹ nìyẹn. Òórùn ẹ̀ kì í bá ọṣẹ lọ. Àwọn ọmọ iléèwé wa ní Ìpájà sọ mí ní Edé. Tíṣà ibẹ̀ sún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nígbà tó yá ó ní kí n kúkú máa gbọ́ ẹ̀kọ́ láti ìta. Mo wà níta lóòótọ́ títí tó fi sú mi, ni mo bá gbé ohùn Tíṣà wọ̀, mo ní kí gbogbo wọn kó ìwé wọn kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n lọ. Wọ́n nà mí, wọ́n lé mi. Bọ̀ọ̀dá tó yẹ kó lọ bẹ̀ wọ́n ní kò burú, ó ní iléèwé ò ní sá lọ. Inú ẹ̀ ń dùn ni. Ọjọ́ Jímọ̀ mi ti di tiẹ̀.

Ẹ ní kí n máa sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á wọnú ọ̀sà, á pa ewéko tó bo ojú omi, òkun á mọ́ gaara, ẹja kúta á sún mọ́ etí òkúta. Kúta yìí gùn, eyín ẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, òun ni Bọ̀ọ̀dá ń fi orúkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú orun. Àmọ́ bí òjò bá dé, omi á pọ́n, òkun á máa ru, ewéko á ṣàn wá láti ọ̀sà, á wé mọ́ okùn, kò sí ohun tí ìwọ̀ ń gbé bọ̀ ju ọ̀rá àti igi lọ. Bàbá Ẹ̀gùn kan wà tó ń ta edé tútù létí òkun. Ó ní bí omi bá ti pọ́n tó tún ń ru, kí ọlọ́mọ pe ọmọ ẹ̀ sílé. Bọ̀ọ̀dá ní Bàbá ò kàwé.

Orí àwọn òkúta ràgàjì tí wọ́n tò sínú òkun láti fi dá ìgbì dúró ni wọ́n ti ń ju ìwọ̀. Abẹ́ òkúta yẹn ni ẹja wà, abẹ́ ẹ̀ náà ni ìwọ̀ ti ń há. Bí ti ẹlòmíì bá há, á fà á, bó bá kọ̀, á gé okùn, á ṣépè, á so òmíì. Àbúrò yín kì í gé okùn. Ohun tó fà á ni pé nínú àpótí òyìnbó yẹn, ẹja ayédèrú wà, irin tí wọ́n kùn bíi fàdákà, tó ní ojú, tó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta lábẹ́ ikùn. Bí wọ́n bá ń fà á lọ nínú omi, á máa gbọ̀n bí ọmọ ẹja tó fẹ́ kú, kúta á fò mọ́ ọn. Àtìgbà tí ètò Sáàpù tí ìjọba gbé dé ti sọ ọjà òyìnbó di ọ̀wọ́n, kò sẹ́ni tó ń rí irú ẹ̀ rà mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù sínú àpótí. N kò rí Bọ̀ọ̀dá kó wo ìyàwó ẹ̀ bó ṣe ń wo irin yẹn rí. Tó bá wá há, èmi ló ń rán. Á gbé imú sókè, á ní, "Kò jìn. Kò ju orúnkún lọ." Orúnkún ta ni? Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, ó mù mí dé àyà.

Nínú òjò tó kọjá, ó rán mi. Okùn wé mọ́ kókósẹ̀ mi, ẹsẹ̀ mi bọ́ sáàárín òkúta méjì, ìgbì bò mí lórí. Mo mu omi iyọ̀ bí ẹni mu ẹ̀kọ. Mo fẹ́ ké, gbogbo ohùn tí mo ní, tèmi àti ti àwọn tí mò ń sín jẹ, kò sí èyí tó jáde. Bàbá Ẹ̀gùn ló na ọ̀pá ọkọ̀ ẹ̀ sí mi tó fi wọ́ mi gòkè. Ìwọ̀ náà ti kó sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ̀gún kékeré kan wà lẹ́nu ìwọ̀ tó kọjú sẹ́yìn. Bó bá ti wọ ẹran, kò ṣeé fà padà, wọ́n ní láti tì í jáde lódìkejì. Mo nà sílẹ̀, mò ń bi omi. Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sórí mi. Mo rò pé orúkọ mi ló fẹ́ pè. Ó ní, "Ṣé ó tú?" Nígbà tó rí irin náà nínú ẹran ọwọ́ mi, ó ní alihamudulilai.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Àpá ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Yàrá tí wọ́n ń kó ọ̀pá sí ni mo ń sùn. N kò ní ẹnì kankan tí mò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ni mo bá ń pe gbogbo yín wá. Mo máa ń ṣe ládàánì wa tí ohùn ẹ̀ máa ń há nídìí ìrun ìdájí. Mo máa ń ṣe yín bí ẹ ṣe ń pe adìyẹ wọlé. Mo máa ń ṣe Wàsíù tó bá ń parọ́ pé òun kọ́ lòun jẹ ẹran. Bí ara bá ń ro mí, mo máa ń fi ohùn yín kí ara mi pé, "Mùsílíù, o kú iṣẹ́." Ẹ̀yin gan-an ò tíì kí mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé Èkó. Bọ̀ọ̀dá lẹ máa ń kí.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tó mú mi kọ̀wé. Sátidé tó kọjá, omi pọ́n, ó ń ru, Bàbá Ẹ̀gùn ò tiẹ̀ pàtẹ. Irin náà há. Bọ̀ọ̀dá ní kí n lọ tú u. Mo ní n kò lọ. Wọ́n ní ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí wọ́n rán wa sí. Èmi bẹ̀rù omi ju àwọn méjèèjì lọ. Àwọn onífàájì yòókù gbọ́, wọ́n yíjú sí wa. Ọ̀gá báńkì kan wà láàárín wọn, Bọ̀ọ̀dá máa ń bẹ̀rù ẹ̀ bí ẹni bẹ̀rù ọba. Bọ̀ọ̀dá bi mí bóyá òun ni mò ń dá lóhùn. Mo sì fi ohùn tiẹ̀ dá a lóhùn, pẹ̀lú imú, bí òyìnbó ṣe fi í sílẹ̀ fún un gẹ́lẹ́. Mo ní, "Kàmọ́rù, wọ̀ ọ́. Kò jìn. Kò ju orúnkún lọ."

Ọ̀gá báńkì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní ọmọ yìí kúkú sọ òótọ́, bó bá jẹ́ orúnkún, kí Kàmọ́rù ṣá lọ mú nǹkan ẹ̀. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó ká ṣòkòtò, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ omi. Ìgbì kan ṣoṣo ló wá, ó gbá a débi ìbàdí, Bọ̀ọ̀dá rọ̀ mọ́ ẹ̀wù mi tó fi ya. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń ké? Kò pe Ọlọ́run, kò pe òyìnbó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi o! Ẹ̀gbọ́n mi o!" Ẹ̀yin ló ń pè, Màámi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀n ọ́n. Èmi ni mo fà á gòkè. Ó fi eyín gé okùn náà, irin lọ.

Ó wa ọkọ̀ dé Ìyànà Ìpájà. Ibẹ̀ ló ti wá sọ fún mi wẹ́rẹ́ pé mo ti dàgbà jù, mo ti lẹ́nu jù. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún irin mìíì. Ó ní bó bá di Iléyá, òun á lọ mú Wàsíù wá, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún òun pé kò sí ọmọ tó mọ̀wẹ̀ bíi tiẹ̀, pé á ti la odò já kí ẹlòmíì tó bọ́ṣọ.

Ẹ rí ẹnu yín. Ẹ fi ọmọ yangàn níwájú ẹni tó ń wá ìjẹ. Odò tiwa lójú ibì kan tó ń lọ. Bó bá gbé Wàsíù, á gbé e bá àwọn tó ń fọṣọ nísàlẹ̀. Òkun á lọ, á tún padà wá, ìgbà tó bá ń padà lọ ló ń mú èèyàn, kò sì sí alágbàfọ̀ kankan lọ́hùn-ún. Ọmọ tó gbójú lómi gan-an ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Èmi tí mo ń bẹ̀rù ló jẹ́ kí n ṣì wà.

Bọ̀ọ̀dá ò bẹ̀rù ẹnìkan láyé bí ẹ̀yin. Bó bá dé, ẹ fún un ní ẹran jẹ, ẹ fún un lómi mu, ẹ ní kó máa lọ ní òun nìkan. Bó bá ní iléèwé lòun fẹ́ fi Wàsíù sí, ẹ bi í pé kíláàsì wo ni mo wà. Bó bá ní irọ́ ni mò ń pa, ẹ ní kó fi Kùránì búra pé òun kò pè yín nínú omi.

Tí ẹ bá sì tún fi ọ̀rọ̀ mi ṣàwàdà tí ẹ jẹ́ kó mú un, ẹ gbọ́ èyí. Mo ti di ẹrù mi, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹ́nu gbígbòòrò kan ní Àkówọnjọ ti gbà pé kí n wá máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. N kò ní lọ mọ́. Ẹ̀bá òkúta yẹn ni màá dúró sí. Gbogbo ìgbà tí ìwọ̀ bá há tí Bọ̀ọ̀dá bá ní kí Wàsíù wọ̀ ọ́, èmi ni màá wọ̀ ọ́. Wàsíù ò ní fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan omi iyọ̀ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé. Ẹ má pè é ní oore. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá di ẹrù Wàsíù, ẹni tẹ́ ẹ ń rán lọ sínú òkun kọ́ lẹ máa rí níwájú yín.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà, kẹ́ ẹ kí awakọ̀ oníṣu náà, ó jíṣẹ́ dáadáa, ẹ̀yin lẹ ò gbọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí òfò ọmọ. Kò ní jẹ́ kí omi bá yín pín ohun tẹ́ ẹ bí. Ẹ ó jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ Wàsíù, ẹ ó sì jẹ lọ́wọ́ mi bí àyè ẹ̀ bá ṣì wà.

Títí di Iléyá, èmi ni ọmọ yín. Èyí tí màá jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ọwọ́ yín ló wà.

Mùsílíù,
Ẹ̀gbẹ́dá.