Ìmọ́lẹ̀ Tó Gba Abẹ́ Rúlà Kọjá

Ọmọ mi àtàtà,

Bí o bá ń ka èyí láàárọ̀, o kú ojúmọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ibi iṣẹ́ lo ti ń bọ̀, o kú àbọ̀, o kú làálàá. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ nígbà tí èmi kò ṣọ́ ọ yóò máa ṣọ́ ọ lọ. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì, ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, ohun tí o bá dáwọ́ lé kò sì ní já sí òfo. Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè. Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ojú ìyá rẹ sì ṣì mú débi pé ó ń rí ohun tí n kò fẹ́ kó rí.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu láti rí ìwé tí èmi fọwọ́ ara mi kọ. Ẹnikẹ́ni kò kú o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wa ni.

Láti ọjọ́ tó ti hó lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀nà ni mo ti fi tapólì bò ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí àwọn adìyẹ sì ń yé sábẹ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, ẹni tó ń ra irin àlòkù wá, ó fẹsẹ̀ ta táyà, ó ní òun yóò gbé e. Mo ti ń sọ pé kó máa gbé e lọ nígbà tí ìyá rẹ jáde síta, tó ní òun ò ní ta òkú tí òun ò mọ ohun tó pa á. Mo ní ṣebí ọmọ rẹ ló pa á. Ó ní kí n ṣí i nígbà náà, kí òun rí ọwọ́ ọmọ òun nínú rẹ̀. Onírin náà rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá, ẹ kọ́kọ́ lọ parí ẹjọ́ òkú yín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Aládùúgbò wa tó ń tún aago ṣe, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jẹ́jẹ́, ló gbé fóònù rẹ̀ wá láti bá wa ṣí i, tó fi í ti ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi, ohun tí mo rí nínú fóònù yẹn kọjá sísọ. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ní irú ọkọ̀ wa gẹ́lẹ́, àwọ̀ nìkan ló fi yàtọ̀, ó sì ń tú u fún wa wò. Ta ló sọ fún un pé ọkọ̀ wa ń jò? Mo kí i, kò dáhùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dí. Mo ní kí ìyá rẹ lọ wọ aṣọ gidi nítorí àlejò, ó ní ọkùnrin náà kò wo ọ̀dọ̀ òun. Àìmọye ìgbà ni Jẹ́jẹ́ ní kó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, tí yóò sì tún un sọ láìyí ohùn padà, láìpe ẹnikẹ́ni ní olódo. Èmi tí mo ṣe ọ̀gá ilé-ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ rí, ìwọ náà mọ̀. Nígbà tí a fẹ́ jẹun, Jẹ́jẹ́ tẹ nǹkan kan, ọkùnrin náà sì dúró gbagidi pẹ̀lú sípánà lókè. Mo gbé oúnjẹ mi sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní ọ̀gá, ẹ jẹ oúnjẹ yín, kì í rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ tún wọra, obìnrin kan já wọ àárín wa, ó ń polówó bàtà, kò kí ẹnikẹ́ni. Mo ní ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń já lu ọkùnrin tí iṣẹ́ bá dùn.

A tú omi, a tú ọ́ìlì, ọ́ìlì sì jáde bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Jẹ́jẹ́ ní omi àti ọ́ìlì ti pàdé níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti mọ ara wọn. Ìyá rẹ dá ihò sára páálí, ó ń ki bóòtù bọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń tú u, kí oníkálukú lè mọ àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, èmi àti Jẹ́jẹ́ gbé tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, kúrò lórí ọrùn rẹ̀. Mo ti ṣí i rí o, ìwọ ni o kò mọ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkánjú ni mo fi ṣí i nígbà náà, n kò wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí mo wò ó. Yàrá roboto mẹ́rin ló tò síbẹ̀, ògiri wọn ń dán bí dígí. Inú wọn ni iná ti ń jó, ẹ̀yìn ògiri wọn ni omi ń gbà kọjá, omi kì í pa iná, iná kì í gbẹ omi, awẹ́ pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní gásíkẹ́ẹ̀tì ló sì là wọ́n láàárín. Mo bọ́ fìlà mi. Ilé tí iná àti omi ti jọ ń gbé láìjà, tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin inú fóònù ní kí a wá ohun tó gún régé, kí a fi wo ojú irin orí tí a ṣí náà bóyá ó tẹ̀. Mo lọ mú rúlà irin tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró lé e lórí, Jẹ́jẹ́ sì tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn. Kò yẹ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Ó kọjá. Ní àárín gbùngbùn, ó tín-ín-rín bí irun orí ọmọ tuntun. Ìyá rẹ ní kí ló ń tẹ irin. Jẹ́jẹ́ ní kí ọkùnrin náà sáré dé ibi tí wọ́n ti ń de bóòtù, a sì rí i: àárín ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dè é díẹ̀díẹ̀, ó ń bọ́ síta, yóò tún padà sí àárín kó tó tún fún un sí i. Ìyá rẹ wá bi mí, ohùn rẹ̀ kò ga, pé nígbà tí ẹ̀yin dè é, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ mi, ó ku díẹ̀ kí o wá lo ìsinmi lọ́dún tí ọkọ̀ náà hó ni omi rédíétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Mo gbọ́ iye tí mẹkáníìkì pè, mo ní èmi tí mo kàwé, kí ló le nínú nǹkan tí wọ́n fi bóòtù dè. Ọjọ́ tí ìyá rẹ lọ kí àbúrò rẹ̀ ni mo ṣí i, mo rò pé kò mọ̀. Mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, mo sì de bóòtù láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí a ṣe ń to ọmọ ilé-ìwé sórí ìlà, mo fún ti iwájú pa pátápátá kí n tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Mo gbà pé èyí tó wà nítòsí fáànù ni àgbà wọn. Omi kò yé dín. Mo rí i. Mo ń bù ú kún un láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí, n kò sì sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o gbé ọkọ̀ náà jáde. Nígbà tí wọ́n wọ́ yín dé, mo bú ọ lójú gbogbo àdúgbò, mo ní ẹsẹ̀ rẹ wúwo bí ọlọ, mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè o kò ní fọwọ́ kan sítíárín rẹ̀ mọ́. O ní bàbá, omi ni kò sí nínú rẹ̀. Mo ní kí o pa ẹnu mọ́. O pa á mọ́ títí di òní.

Jẹ́jẹ́, tí àánú mi ṣe, ní ooru náà lè tẹ irin. Mo ní ta ló jẹ́ kó gbóná? Ìyá rẹ kò sọ pé ṣé òun ò wí. Ó nu rúlà náà, ó dá a padà fún mi. Ohun tí kò nípọn tó irun ló lé ọmọ mi kúrò nílé.

Mo gba fóònù Jẹ́jẹ́, mo pe nọ́ḿbà rẹ tí mo kọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Obìnrin kan ló gbé e. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní o kò sí nítòsí. Mo ní kò burú, ìyàwó mi, bá mi jíṣẹ́ fún un, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un látòkè délẹ̀, omi tí mo ń bù láàárọ̀ àti gbogbo rẹ̀. Mo tilẹ̀ sunkún díẹ̀. Ó ní kí n tún pè tó bá yá. Mo tún pè, mo tún rò ó. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Jẹ́jẹ́ gba fóònù rẹ̀, ó ní obìnrin yẹn kan náà ló máa ń dá òun lóhùn tí òun bá ń wá oníbàárà tó jẹ òun lówó. Ó yà mí lẹ́nu pé ilé púpọ̀ ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Mo bẹ ìyá rẹ pé kó bá mi bá ọ sọ̀rọ̀, ó ní ẹnu tó bú ọmọ ni kó bẹ ọmọ, ó sì fún mi ní àdírẹ́ẹ̀sì rẹ. Mo jẹ̀bi rẹ, ọmọ mi. Má bínú.

A gbé orí náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, wọ́n ti bá wa fá ojú rẹ̀, ó gún báyìí, ó ń dán débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n yọjú kúrò, kí n má tún tẹ̀ ẹ́. Ó ku bóòtù tuntun mẹ́wàá, nítorí ọkùnrin inú fóònù ní èyí tó ti nà lẹ́ẹ̀kan kò dára láti lò mọ́, àti sípánà kan tó máa ń ké fúnra rẹ̀ tí agbára bá ti tó. Jọ̀ọ́, fi owó rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, àti owó ọṣẹ, torí ọ́ìlì ti ba aṣọ mi mẹ́ta jẹ́. Ṣùgbọ́n má gba báńkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn bi mí ní nọ́ḿbà àṣírí mi lójú èrò, mo ní n kò lè sọ ọ́ báyìí, ó sì fi ìbínú gbé káàdì mi mì. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá. A ti fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, a ti gbé orí náà sí àyè rẹ̀, n kò sì ní de bóòtù kankan. Ìwọ ni yóò dè é, àárín ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Kò sí èkejì rẹ̀.

Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ọ lálọ lábọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọ̀nà kò ní nà ọ́, ọmọ tí ìwọ náà yóò bí kò ní gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí o gbọ́ lẹ́nu mi. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ti tẹ́ ibùsùn rẹ, ó ní kí n má kọ ọ́ síbí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.