Adágún Tí A Gbá Mọ́

Ràímì Àkànbí ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ rélùwéè kò fi ìyà jẹ ọ́ jù? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin gba orí rẹ kọjá. Asiata ìyá rẹ ń kí ọ, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Gbádé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo ní kó má bù mọ́ ọn, kó má sì yọ kúrò níbẹ̀.

Lẹ́tà tí o kọ nígbà Iléyá ló kó wa sí wàhálà. O ní àwọn wolé-wolé Èkó ń yọjú sínú ìkòkò omi onílé, pé ẹni tí wọ́n bá bá tanwíji nínú omi rẹ̀ yóò san owó ìtanràn, àti pé inú irin ni omi tí ẹ ń mu ti ń jáde, kò ní ewé, kò ní ẹja, kò sì rùn. Mo ní ó dára, kí wolé-wolé tó dé Ọ̀fà, yóò bá adágún ẹ̀yìnkùlé wa ní mímọ́. Èmi àti àwọn àbúrò mi wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ oko. A kó gbogbo ojú oró, a fa òṣíbàtà tu, a kó ewé tó ti rà nísàlẹ̀, a sì sun gbogbo rẹ̀. A lé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ lọ, nítorí n kò gbọ́ pé ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú omi Èkó. Mo tún ju ìṣó ńlá kan tí mo rí lẹ́bàá ojú irin sínú rẹ̀, kí tiwa náà lè di omi inú irin. Lọ́jọ́ náà adágún ń dán bíi dígí, gbogbo àdúgbò wá wò ó, àwọn náà lọ gbá tiwọn mọ́. Inú mi dùn, mo ní o máa yìn mí.

Ṣé o rí i, oòrùn bá omi náà ní ìhòòhò. Ó gbóná, ó di aláwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Àwọn ọmọ ẹja tó máa ń sá sábẹ́ ojú oró kò ríbi sá sí mọ́, ẹyẹ ṣà wọ́n jẹ. Àwọn epìyà ńlá ń ya ẹnu sójú omi láàárọ̀ bí ẹni tí kò rí èémí mí, kò pẹ́ tí wọ́n fi kú tí wọ́n sì ń rùn. Ọ̀pọ̀lọ́ kò sí, lámilámi tó ń jẹ ẹ̀fọn náà ti lọ, tanwíji tí mo ń sá fún ló wá kún ibẹ̀ báyìí. Ìṣó yẹn kò ṣe nǹkan kan.

O ti sọ fún mi rí pé ọkọ̀ ojú irin ní ẹni tó ń da èédú, ó ní ẹni tó ń ju àsíá, pé bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò ní lọ. Àṣé bẹ́ẹ̀ náà ni omi. Ohun tí mo pè ní ìdọ̀tí, òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn, mo sì lé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ọkàn mi bàjẹ́, Ràímì. Ìyá rẹ kò rí ẹja yan tà mọ́, odò Ọ̀yun ló ń lọ pọnmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá bá wa báyìí, òun á padà sílé bàbá òun ní Ilemona. Kò bínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Owó tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa, fi ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ojú oró. Mo gbọ́ pé omi pọ̀ ní Èkó, kò ní ṣàì wà níbẹ̀. Bu omi sínú igbá ńlá, kó o sí i, kí o fi ọ̀pọ̀lọ́ méjì kún un, akọ kan, abo kan. Gba ìjókòó ẹ̀bá fèrèsé fún wọn kí ooru má pa wọ́n. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ẹbí rẹ ni.

Ó ku kí n súre fún ọ. O mọ èyí tí mo máa ń ṣe fún ọ láti kékeré, pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, pé bẹ́ẹ̀ ni wàá máa lékè. Mo kọ́kọ́ jáde lọ wo omi, kí n tó ní kí Gbádé kọ ọ́. Òkú ẹja nìkan ló lékè níbẹ̀. Ọmọ mi, ẹnu mi kò gbà á láti sọ ọ́. Tètè kó wọn wá, kí n lè rí ohun tí màá fi súre fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàláwù.