Ìdí Tí Gwilym Fi Kúrò Ní Yunifásítì

Ifor àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí Delyth ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ ní Perth níbẹ̀. Orúnkún ṣì ń dùn mí. Òjò ti ba ọ̀dùnkún inú ọgbà jẹ́, ṣùgbọ́n èédú wà nílé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ Gwilym ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. O mọ̀ pé òun ni olórí yunifásítì wa. Ìjọba tún fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó yẹ ògiri odò Tregarn wò, wọ́n sì rí i pé ògiri náà ti fẹ́ wó. Ọ̀dọ̀ mi ló wà nígbà tí mínísítà tẹ̀ ẹ́ láago. Ohùn ọkùnrin náà ròkè débi pé mo gbọ́ ọ.

"Gwilym, ẹ jẹ́ kí ìdìbò kọjá ná kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ síta."

Ó ní, "Ọ̀gá, òjò ò mọ̀ pé ìdìbò ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì Tregarn, ó ní kí wọ́n kó kúrò létí odò. Ìyá Pritchard fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀mọ̀wé, ṣé ìwọ lo fẹ́ fi odò wa hàn wá?" Ṣùgbọ́n ó kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ògiri wó, ilé bàjẹ́, ẹnikẹ́ni ò kú.

Síbẹ̀, àwọn aláṣẹ yunifásítì ní kí Gwilym máa lọ sinmi, torí wọ́n ń bẹ̀rù ìjọba. Kò bá wọn jà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ará Tregarn ń sùn sí báyìí, òun ló ń po tíì fún wọn. Mo bi í bóyá ó dùn ún.

"Ó dùn mí, Mair. Ṣùgbọ́n wo bí àwọn tó ń mu tíì ṣe pọ̀ tó."

Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí i. Kí Ọlọ́run pa gbogbo yín mọ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mair