Háàdì Dísìkì Tí Kì Í Sùn

Ilé Alágbàálẹ̀,
Ìgànná.
Ọjọ́ Àlàmísì, ìparí oṣù kìíní ọdún.

Salimot Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Àsàláámù àlàékúmù. Ara rẹ ńkọ́, Jibril ọkọ rẹ ńkọ́, Àbdùlláhì ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín òkè tó ń yọ nígbà tí mo ń bọ̀ ti yọ tán. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ ńkọ́, ṣé àwọn aláìsàn Dallas kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lásìkò òtútù yìí. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ẹ rí ibi, òtútù ibẹ̀ kò ní wọ̀ yín lára, àwọn ọkọ̀ tó ń sáré lórí frííwèé bí ẹni tí wọ́n ń lé kò ní fara kan tiyín. Àwa náà wà láàyè níbí, a sì ń dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ tó ń dun òun ti fi òun sílẹ̀, àmọ́ mo rí i láàárọ̀ yìí tó ń di ògiri mú lọ sẹ́yìnkùlé, nítorí náà má gbà á gbọ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wàá ní Bàbá, mo wà níbi iṣẹ́, màá pè yín padà, ìgbà tí o bá sì pè padà, ìyá rẹ ni yóò gba fóònù mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́tà kì í wà níbi iṣẹ́. Zakariyya, ọmọ ìlú wa tó ń gbé ní Grapevine, tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú yín lọ́hùn-ún, wá kan òrùlé ilé rẹ̀, ọ̀tunla ni yóò padà, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ pẹ̀lú èlùbọ́ tí ìyá rẹ dì.

Ilé dára. Àgbò mẹ́sàn-án ló wà lórí ìso fún Iléyá tó ń bọ̀, ọ̀kan nínú wọn ń wúkọ́ ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Báǹkì náà ṣe dáadáa sí mi. Lọ́jọ́ kìíní ọdún, wọ́n kọ̀wé sórí fóònù mi pé àwọn bá mi yọ̀ fún ọjọ́ ìbí mi. Èmi fúnra mi kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ohun tí ìyá mi wí ni pé àsìkò tí wọ́n ń wa iṣu ni, àmọ́ ẹni tó ń bá èèyàn tọ́jú owó kò ní ṣàì ní àkọsílẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo gbé iṣu mẹ́ta lọ fún máníjà ní Ìsẹ́yìn láti dúpẹ́ pé ó rántí mi. Wọ́n ní kí n gba nọ́ńbà kí n jókòó, mo jókòó títí wọ́n fi kírun Àsárì, ìgbà tí mo sì wọlé tọ̀ ọ́, máníjà ní òun kò mọ̀ mí rí, pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Mo ní kó bá mi kí ẹ̀rọ náà, mo sì fi iṣu sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n gbé bírò gan-an nìyí. Ìyá rẹ sọ fún mi pé ìwọ àti Jibril kò bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí rẹ́kọ́dà tó ń gba àwòrán kámẹ́rà ilé yín sílẹ̀ ti kú. O ní ọjọ́ Túsìdeè tí Àbdùlláhì kọ́kọ́ rìn ní pálọ̀, o wà lẹ́nu iṣẹ́, o wá ń retí ọjọ́ Sátidé tí ọwọ́ rẹ yóò dilẹ̀ láti wò ó nínú rẹ́kọ́dà, ló bá kú lọ́jọ́ Jímọ̀. O ní Jibril ni kò tọ́jú rẹ̀. O ní láti oṣù kan tí o ti ní kó ra háàdì dísìkì tuntun sí i, ńṣe ló kàn ń yẹ̀ wọ́n wò lórí kọ̀ǹpútà, kò rí èyí tó máa rà. O tún ní o ti lọ wo àpáàtímẹ́ǹtì kan ní Addison, fún ìwọ àti ọmọ nìkan. Salimot, láti ìgbà tí mo ti gbọ́ Addison yẹn ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu mi mọ́.

Àmọ́ háàdì dísìkì kì í ṣe ohun tó yẹ kó tú ilé ká, nítorí èmi mọ̀ ọ́n yàn. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń yan àgbò fún àwọn èèyàn, kò sì sí ẹni tó dá ẹyọ kan padà fún mi rí. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí mo wọ bàálù, Jibril gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà, mo sì fojú ara mi rí gbogbo irú rẹ̀ tó wà. Ọmọbìnrin òyìnbó kan tí wọ́n kọ Jessica sí láyà ló dá wa lóhùn. Jibril ń túmọ̀ fún mi. Ó ní irú méjì ló wà, ó ní ọ̀kan wà fún kọ̀ǹpútà, tó máa ń ṣiṣẹ́ tó sì máa ń sinmi, èkejì wà fún kámẹ́rà, kì í sùn tọ̀sán-tòru. Mo sọ fún Jibril lójú ẹsẹ̀ pé èyí tó ń sinmi ni kó rà. Ta ló fẹ́ kó nǹkan tí kì í sùn wọlé tọ ọmọ kékeré. Jibril ní ẹ ṣé, Bàbá, ó sì dá méjèèjì padà sórí pẹpẹ.

Mo gbé ọ̀kan lọ́wọ́ láti mọ bó ṣe wúwo tó, mo sì mì ín létí mi bóyá mo máa gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Jessica fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ní kó ṣí i kí a wo inú rẹ̀, ó ní tí wọ́n bá ṣí i, ó bàjẹ́ nìyẹn. Salimot, ta ló ń ra àgbò tí wọn kò jẹ́ kó yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ó tún ní tó bá kú kó tó pé ọdún mẹ́ta, àwọn yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ló ti kọ́kọ́ fu mí lára, nítorí ẹni tó ń tajà tó ti ń sọ̀rọ̀ ikú ọjà náà kí n tó sanwó, ó mọ nǹkan tó ń ṣe é.

Nítorí náà, tòkúnbọ̀ ni kí ẹ rà. Gbogbo wa níbí la mọ̀ pé tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà ló ń pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn jù, ẹ̀yin sì nìyẹn níbẹ̀, tiyín kò tiẹ̀ ní í la òkun kọjá. Ní ti bó ṣe máa tóbi tó, Jibril ní tẹ̀ràbáìtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, pé rẹ́kọ́dà yín kò lè gbà ju mẹ́rin lọ. Mo ní kí ẹ ra oní-tẹ̀ràbáìtì kan. Ta ni kámẹ́rà yín ń rí, bí kò bá ṣe èmi, ọmọ, àti ọkùnrin tó ń gbé páálí wá sẹ́nu ọ̀nà tí kì í dúró kí èèyàn kí i. Mẹ́rin ti di àṣejù.

Bí ẹ bá rà á tán, ó ku ìtọ́jú, ibẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì kò ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ máa ń fi nǹkan sílẹ̀ lára iná kí ẹ tó jáde, bí ẹni pé iná kò lè bínú. Ṣé o ti gbàgbé bí iná ṣe jó tẹlifíṣọ̀n wa lọ́dún tí o wọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ni. Oṣù márùn-ún tí mo fi wà lọ́dọ̀ yín ní Lake Highlands, bí ẹ bá ti jáde láàárọ̀ tó ku èmi àti Àbdùlláhì, mo máa ń yí gbogbo ilé ká, màá yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n, màá yọ ti rẹ́kọ́dà, màá yọ ohun gbogbo lára ògiri àyàfi fíríìjì, kí wọ́n lè sinmi. Bí aago mẹ́rin bá lù, màá tún kì wọ́n bọ̀ ọ́ padà kí ẹ tó dé. Jibril bá mi nídìí ẹ̀ lọ́jọ́ kan tó tètè dé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, rẹ́kọ́dà yìí kì í fẹ́ kí wọ́n yọ iná rẹ̀ lójijì bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mo wà nílé. Lọ́jọ́ kejì mo rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí wáyà náà, wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i, mo ṣí i kúrò kíá, nítorí bébà lè gbiná níbi iná. Bí kò bá sí tèmi ni, rẹ́kọ́dà yẹn ìbá ti kú tipẹ́.

Torí náà, jẹ́ kí ọkàn rẹ rọ̀ sí ọkọ rẹ. Ẹni tó bá ń pẹ́ yan nǹkan kì í ṣe ọ̀lẹ, èmi náà máa ń pẹ́ lọ́jà àgbò.

Nǹkan kan ló kù. Kànga ẹ̀yìnkùlé ti ń gbẹ, àwọn tó ń gbẹ́ kànga ní ó yẹ kí àwọn tún wọlẹ̀ sí i kí ẹ̀ẹ̀rùn tó le, ìyá rẹ sì ń rìn lọ sí ẹ̀rọ omi ilé-ìwé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ní kò dun òun yẹn. Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa, àwọn báǹkì mọ̀ mí. Ọlọ́run yóò tún ilé rẹ ṣe, ọmọ rẹ yóò sin ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùsàrí Alágbàálẹ̀.

Salimot, mo ti kọ orúkọ mi tán kí Zakariyya tó wá gba lẹ́tà náà. Mo kà á fún un kó lè bá mi wò ó bóyá mo kọ orúkọ háàdì dísìkì dáadáa. Nígbà tí mo kà dé ibi wáyà, ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bi mí pé Bàbá, ṣé ojoojúmọ́ ni. Mo ní àfi ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè tí ẹ máa ń wà nílé. Ó wá jókòó tì mí, ó ṣàlàyé fún mi pé awo kan ló wà nínú háàdì dísìkì tó ń yí, pé abẹ́rẹ́ kékeré kan ló ń kọ̀wé sí i, tí èèyàn bá já iná gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń kọ̀wé, yóò fara pa, kò sì sí èyí tó lè gba oṣù márùn-ún irú rẹ̀ kó má kú. Ó ní iná Dallas kì í bínú bíi tiwa. Ó ní èyí tí kì í sùn yẹn gan-an ni Jessica ń bá wa wá, pé òun ló yẹ kámẹ́rà.

Èmi ni mo pa rẹ́kọ́dà yín. Jibril sì mọ̀. O fi odindi oṣù kan bínú sí i, kò dárúkọ mi, nítorí pé èmi ni àna rẹ̀. Ojú tì mí, Salimot, mo dọ́gbọ́n lọ wo àgbò tó ń wúkọ́ kí Zakariyya má baà rí ojú mi.

Ó tún bi mí pé ṣé mo yọ ọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè náà. Mo yọ ọ́. Nítorí náà, ká ní kò tilẹ̀ kú, o kò ní bá a níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo rí i, èmi ni màá sọ ọ́ fún ọ, kí o fi lẹ́tà yìí pa mọ́. Ẹ kò tíì jáde pẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ògiri, wáyà rẹ́kọ́dà ti wà lọ́wọ́ mi. Àbdùlláhì di àga gígùn mú, ìbọ̀sẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ẹnu fa èkejì. Ó fi àga sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ gbé. Mo rò pé ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀, mo na ọwọ́, àmọ́ ó yà kúrò lọ́dọ̀ mi, ẹnu ọ̀nà tí o gbà jáde ló kọjú sí, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin kó tó jókòó. Mi ò sọ ti ẹnu ọ̀nà yẹn fún ọ nígbà yẹn, nítorí mo mọ̀ pé wàá sunkún.

Gbàgbé owó kànga, fi ra èyí tí kì í sùn, kí ó jẹ́ tuntun, kí ó sì jẹ́ tẹ̀ràbáìtì mẹ́rin, nítorí ọmọ náà ti ń rìn báyìí, yóò máa pọ̀ nínú rẹ̀. Èmi yóò máa bá ìyá rẹ pọn omi. Sọ fún àwọn ará Addison pé o kò wá mọ́. Kí o sì gbé oúnjẹ síwájú Jibril, kí o ní bàbá rẹ ní kó má bínú. Fíríìjì nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn nílé yín. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, ìgbà yẹn ni kí o tó bi Jibril léèrè.