Ojú Ìyá Tọ́pẹ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ore

Inú àwọn aṣèwádìí yìí ń bí mi. Ti ara mi ló ń bí mi jù.

Abúlé Omifunfun la lọ lónìí láti wo bí àwọn ọmọdé ṣe ń jẹun. Dókítà, ọ̀gá wọn, ní kí Ìyá Tọ́pẹ́ gbé ìrẹsì àti ẹyin síwájú ọmọ rẹ̀, kó má sọ̀rọ̀, kó má sì ṣẹ́jú sí i. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Ìkálẹ̀ fún un.

Tọ́pẹ́ ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ kì í jẹun níwájú àlejò láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ ṣẹ́jú sí i.

Dókítà ní, “Oúnjẹ ò wu ọmọ yìí. Ẹ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù, a máa gbé e lọ sí Àkúrẹ́ fún àyẹ̀wò.”

“Mà, ó ń retí ìyá ẹ̀ ni...”

“Ìyá Kẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ìtumọ̀ la ní kí ẹ ṣe, kì í ṣe àlàyé.”

Ó mọ̀wé ọmọ, kò tọ́mọ rí! Mo kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù bó ṣe wí, èmi tí mo ka ìwé girama lásán.

Bí a ṣe fẹ́ gun ọ̀kadà, Ìyá Tọ́pẹ́ ṣẹ́jú. Ọmọ ki odidi ẹyin bọnu.

Ìyá rẹ̀ pè mí. “Ìyá Kẹ́mi, ṣé báyìí kọ́ lẹ ṣe tọ́ Kẹ́mi ni?”

Báyìí gan-an ni.

Fọ́ọ̀mù náà wà níwájú mi, ọ̀la ni n óò gbé e fún wọn. Mo ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ọmọ yìí ń jẹun, ojú ìyá rẹ̀ la dè, tí kò fi lè ṣẹ́jú sí i. Bírò ni mo fi kọ ọ́, kí n má baà rí i pa rẹ́ láàárọ̀.