Bàbá Àgbà, Ikọ́ àti Ẹni Tó Ń Gbin Òdòdó

Àǹtí Bryony mi,

“Ta ló béèrè ẹni tí yóò bá mi gbin òdòdó? Ikọ́ ló ń ṣe mí, dókítà ni mo fẹ́ rí!” Ohun tí Bàbá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo sí ilé dókítà lórí fóònù nìyẹn, ó sì húkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ìbejì ní Perth. Òjò ò dá ní Goole níbí, ajá wa sì ti bímọ.

Àwọn ilé dókítà àdúgbò ti para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan. Ìjọba ń fún wọn lówó láti fi gba apòògùn, ẹni tó ń bá wa na ẹsẹ̀ tó ń dùn wá, àti ẹni tó ń kó arúgbó lọ gbin òdòdó kí ara wọn lè yá. Tẹ́lẹ̀, dókítà nìkan ni wọn ò gbọdọ̀ fi gbà. Ọgbọ́n òpònú! Òun náà ló lé ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ dókítà lọ sókè òkun.

Mọ́mì ní kí n bẹ̀ yín kí ẹ padà, pé ìjọba ti yí òfin náà padà, wọ́n ti lè fi owó náà gba dókítà báyìí. Mo lọ béèrè ní ilé dókítà wa. Obìnrin tó ń gbàlejò níbẹ̀ rẹ́rìn-ín: “Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nìkan ni, ọmọ dáadáa.” Ẹ̀yin ti gbó lójú wọn nìyẹn!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Bàbá àgbà, kí ẹ gbọ́ ikọ́ náà. Àyà mi ń já. Ara yín á máa le o.

Mọ́mì rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo ń kọ. Mi ò ní bẹ̀ yín. Ẹ dúró síbẹ̀. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé èmi ni mo ní kí ẹ má padà.

Tamsin